Ohun Tí Ń Ṣẹlẹ̀ Nínú Ìkòkò Ọṣẹ



Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wa ló ń yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti ra epo pupa, àdín àti sódà tí à ń pè ní kọ́sítíìkì, kí wọn lè ṣe ọṣẹ tà ní ọjà Akẹ̀sán àti ní àwọn ọjà Ògbómọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń yẹ ìwé àwọn ẹgbẹ́ wò, ohun kan wà tí à ń bá pàdé lemọ́lemọ́: ìkòkò kan á yọrí sí rere, èkejì á bàjẹ́, kò sì ní sí ẹni tó lè sọ ìdí rẹ̀. Ọṣẹ kan á máa jó ni lára, òmíràn á rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, epo á sì máa yọ lára òmíràn. Àwọn kan á ní ayé ló ṣe é. Àwọn mìíràn á ní ẹni tó rò ó kò ní ọwọ́ ọṣẹ. Owó tí a yá kò mọ ìyẹn. Ọjọ́ tí ó yẹ kí a san án padà nìkan ló mọ̀.

Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí á ṣàlàyé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò náà gan-an. Àwọn onímọ̀ kẹ́místírì ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, kò sì sí ohun kan nínú rẹ̀ tí ẹni tó ti se ọbẹ̀ rí kò ní lóye.

OMI ÀTI OHUN TÓ YÒRÒ SÍNÚ RẸ̀

Ẹ bu omi sínú ife, ẹ da iyọ̀ díẹ̀ sí i, kí ẹ rò ó. Iyọ̀ náà á pòórá lójú, ṣùgbọ́n kò lọ síbì kankan. Ẹ tọ́ omi náà wò, ẹ ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó ti fọ́n ká sáàárín omi débi pé ojú kò rí i mọ́. Èyí ni à ń pè ní yíyòrò. Bí iyọ̀ bá kéré tí omi pọ̀, omi iyọ̀ náà kò ní agbára. Bí iyọ̀ bá pọ̀ tí omi kéré, ó le. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé, "Mo da sódà sómi," kò tíì sọ nǹkan kan. Sódà mélòó? Omi mélòó? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Àwọn ìyá wa àtijọ́ mọ èyí kí sódà òyìnbó tó dé. Wọn a sun èèpo kòkó gbígbẹ di eérú, wọn a kó eérú náà sínú ìkòkò tí a dá ihò sí nídìí, wọn a da omi lé e, omi náà a sì máa kán sínú ìkòkò tó wà nísàlẹ̀. Ohun tó yòrò láti inú eérú sínú omi yìí ni pọ́táṣì. Omi tó kọ́kọ́ kán ló le jù. Bí a bá ti ń da omi mìíràn lé eérú kan náà, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń dínkù. Ní Amẹ́ríkà láyé àtijọ́, ẹyin adìẹ tútù ni àwọn tó ń ṣe ọṣẹ fi ń dán irú omi bẹ́ẹ̀ wò. Bí ẹyin bá rì, omi náà kò tíì le tó. Bí ó bá léfòó tí díẹ̀ lára rẹ̀ yọ sókè, ó ti tó lò. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ohun tó yòrò sínú omi bá ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni omi náà ń wúwo sí i, tí yóò fi lè gbé ẹyin.

Eérú ìgbà kan kì í bá eérú ìgbà mìíràn dọ́gba. Sódà ní tirẹ̀ ní agbára kan náà nígbà gbogbo, bí a bá dé e pa. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣí i sílẹ̀, yóò máa fa ọ̀rinrin mọ́ra, yóò sì máa fa irú afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta mọ́ra pẹ̀lú, agbára rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀. Àpò sódà tí a ṣí sílẹ̀ lóṣù tó kọjá tí ó ti ń yọ omi kì í ṣe ohun tí a rà mọ́, bí ìwọ̀n rẹ̀ tilẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀rinrin ni ẹ ń wọ̀n pọ̀ mọ́ sódà.

OORU TÓ Ń JÁDE

Ẹni tó bá ti da sódà sómi rí mọ̀ pé omi náà á gbóná láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Ó lè gbóná kọjá dígírì 80, ó sì kù díẹ̀ kí ó hó. Níbo ni ooru náà ti wá? Agbára ti wà ní ìpamọ́ nínú sódà àti nínú omi kí wọ́n tó pàdé. Nígbà tí wọ́n pàdé tí wọ́n fara mọ́ ara wọn, àjẹṣẹ́kù ṣẹ́ kù, àjẹṣẹ́kù náà ló jáde bí ooru.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń lo ajílẹ̀ tí à ń pè ní yúríà, ẹ yòrò ẹ̀kúnwọ́ rẹ̀ kan sínú omi díẹ̀, kí ẹ fọwọ́ kan ara ike náà. Yóò tutù. Yúríà ní láti yá ooru lọ́wọ́ omi kí ó tó lè yòrò. Àwọn kan ń san owó sínú àpò, àwọn kan ń yá a jáde. Owó kò pòórá níhìn-ín, ooru náà kò sì pòórá. Ó kúrò níbì kan lọ sí ibòmíràn ni.

Nínú ọ̀rọ̀ ooru yìí ni òfin kan ti wá tí kò gbọdọ̀ yẹ̀: sódà ni kí ẹ máa dà sínú omi, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó. Ẹ má ṣe da omi lé sódà láé. Bí omi díẹ̀ bá bọ́ sórí sódà púpọ̀, gbogbo ooru náà á dé bá omi kékeré yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, yóò hó lójijì, yóò sì ta sí ojú ẹni tó dúró tì í. Ojú tí sódà bá wọ̀ lè fọ́ pátápátá.

BÍ EPO ṢE Ń DI ỌṢẸ

Ọṣẹ kì í ṣe epo àti sódà tí a pò pọ̀ lásán. Ohun titun ni. Ará Faransé kan, Michel Chevreul, ló fi hàn nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1823 pé epo àti ọ̀rá jẹ́ ohun méjì tó so mọ́ ara wọn: ọ̀kan kan bí ọtí kíkan, èkejì sì ni gílísárínì. Nígbà tí sódà bá wọ àárín wọn, yóò tú ìdè náà, yóò mú èyí tó kan, àwọn méjèèjì á sì di ọṣẹ. Gílísárínì á dá dúró. Bí a bá fi sódà ṣe é, ọṣẹ náà á le. Bí a bá fi pọ́táṣì inú eérú ṣe é, á rọ̀. Ìdí nìyí tí ọṣẹ dúdú fi ń rọ̀ tí ọṣẹ ìfọṣọ sì ń le.

Kí ẹ kíyè sí èyí dáadáa: sódà tí ó tó ni yóò tú epo tí ó tó. Lavoisier, ará Faransé mìíràn, fi ìwọ̀n hàn ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún pé ohun tó wọ inú ìkòkò àti ohun tó jáde gbọ́dọ̀ dọ́gba ní ìwọ̀n, bí àwọ̀ àti ìrísí rẹ̀ tilẹ̀ yí padà. Agbowó-orí ni ọkùnrin yìí ní ọwọ́ kan, onímọ̀ sì ni ní ọwọ́ kejì. Kò ya àwa tí à ń yẹ ìwé owó wò lẹ́nu pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló mú òsùwọ̀n wọ inú kẹ́místírì. Bí epo bá pọ̀ ju sódà lọ, epo á ṣẹ́ kù, ọṣẹ á máa yọ epo. Bí sódà bá pọ̀ ju epo lọ, sódà á ṣẹ́ kù, ọṣẹ á máa bó ni lára. Àkáǹtì tí kò bára dọ́gba ni ọ̀ràn méjèèjì.

OHUN TÓ Ń MÚ IṢẸ́ YÁ

Kí ló dé tí ìkòkò kan fi ń tètè ki tí òmíràn ń jẹ́ kí apá ro ni? Epo àti omi sódà kì í fẹ́ràn ara wọn. Ibi tí wọ́n bá ti fara kanra nìkan ni iṣẹ́ ti ń lọ. Ohun mẹ́rin ló ń mú un yá.

Èkíní ni rírò. Bí a bá ń rò ó, epo á fọ́ sí wẹ́wẹ́, ojú tí ó fi ń kan omi sódà á pọ̀ sí i.

Èkejì ni ooru. Svante Arrhenius, ará Sweden, ṣàlàyé ní 1889 bí ooru ṣe ń mú irú iṣẹ́ báyìí yára. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí ooru bá fi dígírì 10 lé sí i, iṣẹ́ náà á yára tó ìlọ́po méjì. Ìdí nìyí tí ọṣẹ fi ń pẹ́ nígbà ọyẹ́. Epo á ti dì, ìkòkò á tutù, ẹni tó ń rò ó á sì rò pé sódà kò tó. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé, nítorí yóò bu sódà kún un, ọṣẹ náà á sì di ajónilára lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Kì í ṣe sódà ni kò tó, ooru ni. Ẹ kọ́kọ́ yọ́ epo náà lórí iná díẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni agbára omi sódà. Èyí tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀ á pẹ́ kí ó tó ki. Omi eérú kò lágbára tó sódà rárá. Ìdí nìyí tí ọṣẹ dúdú fi ń pẹ́ lórí iná fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ẹ̀kẹrin ni ọṣẹ fúnra rẹ̀. Ọṣẹ ló ń mú epo àti omi rẹ́ pọ̀. Bí a bá rún ọṣẹ tó ti jiná díẹ̀ sínú ìkòkò titun, yóò tètè ki. Ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ ló máa ń fa ọwọ́ sẹ́yìn. Bí ọṣẹ bá ti ń yọ, iṣẹ́ á máa sáré fúnra rẹ̀, ooru á sì tún máa jáde nínú rẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan ara àpótí tí a da ọṣẹ sí lálẹ́ ọjọ́ kìíní, ẹ ó rí i pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ṣùgbọ́n kí á má ṣe fi ìyára pe èrè. Ooru àti rírò kò lè sọ epo kílò 10 di èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà ni wọ́n mú yá, wọn kò fi kún ẹrù.

ÀLỌ ÀTI ÀBỌ̀

Ẹ padà sí ife omi iyọ̀. Ẹ máa da iyọ̀ sí i. Yóò dé ibi tí iyọ̀ kò ní yòrò mọ́, tí yóò jókòó sísàlẹ̀. Ẹ lè rò pé iṣẹ́ ti dúró. Kò dúró. Iyọ̀ ìsàlẹ̀ ṣì ń yòrò wọ inú omi, ṣùgbọ́n iye tó ń wọlé náà ni iye tó ń padà dì sílẹ̀. Ẹ fi wé ọkọ̀ tó ń ná Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ọkọ̀ mẹ́wàá bá ń kúrò ní Ọ̀yọ́ ní wákàtí kan, tí mẹ́wàá sì ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ bọ̀, iye ọkọ̀ tó wà ní gáréèjì méjèèjì kò ní yí padà, bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ kan kò sì sinmi. Guldberg àti Waage, ará Norway, ló kọ́kọ́ fi ìṣirò gbé irú ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ní 1864.

Ní 1884, Le Chatelier, ará Faransé, fi kún un pé bí a bá da irú ìdọ́gba bẹ́ẹ̀ rú, yóò yí sí ọ̀nà tí yóò fi dín ohun tí a ṣe sí i kù. Ẹ wo ìgò mínírà. Nígbà tí ó wà ní dídé, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń wọ omi, ó sì ń jáde, àwọn méjèèjì dọ́gba. Bí a bá ṣí ìdérí, afẹ́fẹ́ òkè á lọ, ti inú omi á sì máa hó jáde láti dí àlàfo náà. Àwọn ilé iṣẹ́ ọṣẹ ń lo ọgbọ́n yìí pẹ̀lú. Bí a bá da omi iyọ̀ púpọ̀ sínú ọṣẹ tó ń hó, ọṣẹ kò ní lè yòrò sínú omi náà mọ́, yóò léfòó, gílísárínì àti ìdọ̀tí á sì dúró sí ìsàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n epo tó ti di ọṣẹ kò ní àbọ̀. Ọ̀nà àlọ nìkan ni. Ẹ kò lè fi sùúrù dúró kí ọṣẹ tún di epo, ẹ kò sì lè yọ sódà tó pọ̀ jù jáde. Ohun kan ṣoṣo tó lè tún un ṣe ni pé kí a rún ọṣẹ náà, kí a tún un yọ́, kí a sì fi epo tó tó iye sódà tó ṣẹ́ kù kún un. Ẹni tí kò kọ iye tó kọ́kọ́ lò sílẹ̀ kò lè mọ iye tí yóò fi kún un. Níbí ni ìkòkò ọṣẹ àti ìwé ẹgbẹ́ ti pàdé.

ÌṢIRÒ NÁÀ

Epo kọ̀ọ̀kan ní iye sódà tirẹ̀. Kílò kan epo pupa ń fẹ́ sódà bíi gíráàmù 141. Kílò kan àdín ń fẹ́ bíi 176. Kílò kan òrí ń fẹ́ bíi 128. Ẹ rí i pé àdín ń jẹ sódà ju epo pupa lọ. Ẹni tó bá fi àdín rọ́pò epo pupa láìyí sódà padà yóò rí ọṣẹ tó ń yọ epo. Ẹni tó bá ṣe òdìkejì yóò rí ọṣẹ tó ń bó ni lára.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe é pọ̀. Epo pupa kílò 6 àti àdín kílò 4. Mẹ́fà lọ́nà 141 jẹ́ 846. Mẹ́rin lọ́nà 176 jẹ́ 704. Àpapọ̀ jẹ́ gíráàmù 1,550. Kí ó má baà sí sódà tó ṣẹ́ kù, ẹ yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kúrò. Ó ku bíi 1,470. Omi tó yẹ fún un jẹ́ lítà 3 sí 3½. Lẹ́yìn tí ẹ bá gé ọṣẹ náà, ẹ tò ó síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà fún bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ó gbẹ, kí sódà tó kù sì parí iṣẹ́ rẹ̀.

Kóńgò àti ife kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Òsùwọ̀n ni. Ìyá kan lè má lágbára láti ra òsùwọ̀n tó dára, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ lè rà á kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ máa lò ó. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà.

ÌMỌ̀ KAN NÁÀ NÍNÚ GÀRÍ

Kì í ṣe ọṣẹ nìkan. Ẹ̀gẹ́ tó korò ní ohun kan nínú tó lè di májèlé, ó sì tún ní ohun mìíràn tó ń tú u palẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò pàdé níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀gẹ́ bá wà lódindi. Rírin ló ń mú wọn pàdé, bí rírò ṣe ń mú epo àti sódà pàdé. Májèlé náà á tú sílẹ̀ di afẹ́fẹ́, èyí tó ń hó ní bíi dígírì 26 péré. Omi tí a fún jáde á kó lára rẹ̀ lọ, ìyókù á sì bá ooru agbada lọ. Gbogbo èyí ń fẹ́ àkókò. Ẹni tó rin ẹ̀gẹ́ korò láàárọ̀ tó sì yan án lọ́sàn-án nítorí ọjà, tàbí tó yọ láfún kúrò nínú omi lẹ́yìn ọjọ́ kan dípò mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ń ta májèlé fún aládùúgbò rẹ̀.

KÍ Ẹ̀MÍ MÁ BAÀ LỌ SÍ I

Ẹ má ṣe yòrò sódà nínú ìkòkò alúmíníọ̀mù. Sódà ń jẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ tó sì ń jáde níbẹ̀ lè gbaná. Ike tó nípọn tàbí irin ni kí ẹ lò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ẹ sì bo ojú yín. Bí sódà bá kan ara tàbí ojú, omi tó mọ́ ni kí ẹ máa dà sí i fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ tó gba ilé ìwòsàn lọ.

Èyí tó burú jù lọ ni ti àwọn ọmọdé. Omi sódà tí a bu sínú ife tàbí ìgò mínírà jọ omi mímu. Ọmọ tó bá gbé e mì, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ á jó. Bí ó bá sì yè, ojú egbò náà á sún kì débi pé oúnjẹ kò ní lè kọjá mọ́. Ẹ má ṣe fún un ní epo, ẹ má sì ṣe mú kí ó bì, nítorí yóò tún jó ọ̀fun náà nígbà kejì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Kò sí èrè ọṣẹ tó tó ọ̀fun ọmọ kan.

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ LỌ́WỌ́ ÌGBÌMỌ̀ YÍN

Láti ìgbà tí òfin àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti jáde ní orílẹ̀-èdè wa ní 1935, àkọsílẹ̀ ni ẹgbẹ́ fi ń dúró. Ẹ jẹ́ kí ìkòkò ọṣẹ náà ní ìwé tirẹ̀. Kí a kọ ọjọ́ sílẹ̀, irú epo àti ìwọ̀n rẹ̀, ìwọ̀n sódà, ìwọ̀n omi, ọjọ́ tí a ṣí àpò sódà náà, àti bí ọṣẹ ṣe rí nígbà tó gbẹ. Nígbà mìíràn tí a bá dé ọ̀dọ̀ yín, a ó béèrè ìwé yìí pẹ̀lú ìwé owó. Bí ìkòkò kan bá bàjẹ́, a ó jùmọ̀ wò ó, a ó sì rí ibi tí ó ti yẹ̀, láìfi ẹ̀sùn kan ayé tàbí ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ọ́, ẹ tọ́jú sódà kúrò lọ́wọ́ ọmọdé. Owó tí ẹ yá yóò padà dé àpò ẹgbẹ́ lọ́jọ́ tó yẹ.